Kí ló yẹ kí a gbé sórí bébà kí a tó kọ ìlà kóòdù àkọ́kọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà Python, mo sì lè yanjú àwọn ìṣòro kéékèèké tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ilé ìkàwé kékeré kan yóò fi mọ ẹni tí ó yá ìwé àti ọjọ́ tí yóò dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sì dà á nù. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa ń dùn. Lẹ́yìn náà, bí mo bá tún ibì kan ṣe, ibi méjì mìíràn yóò bàjẹ́. Ẹnì kan ní kí n ya gbogbo rẹ̀ ní àwòrán UML, ìyẹn àpótí àti ìlà tí ń fi bí sọ́fítíwíà ṣe pín hàn, kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn ní ìfàkókòṣòfò ni, pé kóòdù fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín máa ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

*

Ìdáhùn kìíní

Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tí wọ́n gbà yín nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan: níbo gan-an ni iṣẹ́ náà ti máa ń dàrú? Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe inú àṣẹ kóòdù bí `if` tàbí `for` ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣe àtẹ kan fún ìwé, kí ẹ fi orúkọ ẹni tí ó yá a sí ìlà kan náà pẹ̀lú àkọlé rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí ilé ìkàwé náà ra ẹ̀dà kejì ìwé kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ni sọ́fítíwíà yín kò ti lè sọ èyí tí ó wà lóde yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lórí pẹpẹ.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ẹlòmíràn ni sọ́fítíwíà fún ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń yá irinṣẹ́ lò, ọjọ́ tí wọ́n pè mí gan-an ni mo sì ti jókòó ti kóòdù. Mo kọ “àkàbà” sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. Àkàbà mẹ́rin ni wọ́n ní. Nígbà tí ọ̀kan ṣẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn, sọ́fítíwíà mi kò lè dáhùn, nítorí pé ní tirẹ̀, àkàbà kan ṣoṣo ni ó wà láyé. Oṣù kan ààbọ̀ ni mo fi tún un ṣe, ó sì pọ̀ ju àkókò tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé n ó mú bébà, n ó sì kọ orúkọ gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà náà gbọ́dọ̀ rántí bí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a sì tún un tàn. Ní ti ilé ìkàwé, ohun mẹ́rin ni mo rí: ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí òǹkọ̀wé kọ, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí a lè fọwọ́ kàn, ẹni tí ń yá ìwé, àti yíyá fúnra rẹ̀. Ìkẹrin yìí ni a máa ń gbàgbé jù. Yíyá kì í ṣe àmì tí a kàn lẹ̀ mọ́ ara ìwé. Ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó yẹ kí ó parí, ọjọ́ tí ó parí ní tòótọ́, ẹnì kan tí ó yá a àti ẹ̀dà kan tí a yá. Bí ẹ bá fún un ní àtẹ tirẹ̀, ìtàn ìwé kọ̀ọ̀kan yóò máa wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá fún un, ẹ ó máa pa ìtàn náà rẹ́ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá dá ìwé padà.

Lẹ́yìn orúkọ ni iye. Ìwé kan lè ní ẹ̀dà mélòó? Ẹnì kan lè yá mélòó lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ẹ̀dà kan lè wà lọ́wọ́ ẹni méjì? Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Peter Chen, tẹ ọ̀nà tí a fi ń ya irú àjọṣe báyìí jáde ní 1976, a sì ṣì ń lò ó. Ẹ kò nílò gbogbo àmì tí ó wà nínú rẹ̀: àpótí mẹ́rin àti ìlà mẹ́ta tí ó so wọ́n pọ̀ ti tó fún iṣẹ́ yín.

*

Lórí ISBN

Ẹni tí ó béèrè ti padà wá láti sọ pé ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí a máa ń tẹ̀ sára ìwé, ni òun fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó sì béèrè bóyá ìyẹn kò tó.

Kò tó, àpẹẹrẹ rere sì ni fún ohun tí mo ń sọ. ISBN jẹ́ ti ẹ̀yà tí a tẹ̀ jáde, nítorí náà gbogbo ẹ̀dà tí ó jáde nínú ẹ̀yà náà ni ó ń jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìwé tí a tẹ̀ kí ó tó di ìlànà àgbáyé ní 1970 sábà máa ń wà láìní i rárá. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2007 ni ó kúrò ní àmì 10 tí ó di 13, èyí tí ó fi jẹ́ pé oríṣi méjèèjì ni yóò wà lórí pẹpẹ yín. Àwọn kan nínú èyí tí ó ní àmì 10 ń fi lẹ́tà X parí, òmíràn ń fi òdo bẹ̀rẹ̀, òdo náà yóò sì sọnù bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye dípò ọ̀rọ̀. Ẹ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kí ẹ sì fi ISBN sí àtẹ ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àlàyé rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí bébà ni ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ìwé 2,000 bá ti wọlé, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́.

*

Ìdáhùn sí àwọn tí ń bá ara wọn jiyàn

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láti àná, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ. Apá kan ní kí a kọ gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà yóò ṣe sínú ìwé, kí oníbàárà fọwọ́ sí i, kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀. Apá kejì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń di irọ́ kí oṣù tó parí, pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó kéré jù kí a sì máa tún un ṣe. Apá kẹta, tí wọn kò pọ̀, ní ìdánwò, ìyẹn kóòdù kékeré tí ń yẹ iṣẹ́ sọ́fítíwíà wò, ni kí a kọ́kọ́ kọ, nítorí pé òun gan-an ni àlàkalẹ̀.

Apá kìíní àti ìkejì ń fi ìtàn gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì sọ ìtàn náà tán. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbèrò, yóò dárúkọ àwòrán ìpele-dé-ìpele tí Winston Royce, onímọ̀ sọ́fítíwíà kan, yà ní 1970, tí àwọn ènìyàn wá ń pè ní waterfall lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ó ní kí a máa tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀. Lẹ́yìn àwòrán náà gan-an ni Royce ti sọ pé bí a bá ṣe é báyìí lásán, ó léwu, ó sì ń pe ìkùnà; lára ohun tí ó dámọ̀ràn ni pé bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ tuntun, kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní òdìkejì, àwọn tí kò fẹ́ gbèrò máa ń tọ́ka sí ìkéde tí a ń pè ní Agile Manifesto, tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà 17 kọ nígbà tí wọ́n pàdé ní Snowbird ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 2001. Ohun tí àwọn yẹn kọ ni pé àwọn ka gbígba ìyípadà mọ́ra sí ju títẹ̀lé àlàkalẹ̀ lọ, wọ́n sì fi kún un pé àlàkalẹ̀ náà ní iyì tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìkéde yìí gbèjà àìgbèrò rárá ti gé gbólóhùn náà sí méjì.

Ohun tí ó dùn mí nínú àríyànjiyàn yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀. Wọ́n ní kí ó yan ẹgbẹ́ kan, nígbà tí ohun tí ó nílò kò ju kí ó mọ ìpinnu tí ó lè dúró de ọ̀la àti èyí tí kò lè dúró.

*

Ohun tí kò lè dúró de ọ̀la

Ìlànà kan ṣoṣo tí mo ń tẹ̀lé nìyí: iye àkókò tí n ó lò lórí ìpinnu kan kí n tó kọ kóòdù gbọ́dọ̀ bá ìṣòro tí yóò jẹ́ láti yí i padà mu. Àwọ̀ bọ́tìnì, orúkọ function, bí fáìlì ṣe pín, gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè yí padà ní ọ̀sán kan. Mi ò kì í fi wọ́n dá ara mi lóró. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí dátà gidi bá ti wọlé lé wọn lórí, àtúnṣe wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bí ẹni ń hú ìpìlẹ̀ ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí a fi ń dá ẹnì kan tàbí ohun kan mọ̀. A ti sọ ti ISBN. Nọ́ńbà fóònù náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ àti aya lè jọ lo ọ̀kan, ẹnì kan sì lè pààrọ̀ tirẹ̀ ní ọ̀la.

Owó tún wà níbẹ̀. Bí ilé ìkàwé yóò bá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó pẹ́, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ bí float, ìyẹn nọ́ńbà tí ó ní ààmì ìdá. Ẹ tẹ `0.1 + 0.2` sínú Python, ẹ ó rí 0.30000000000000004. Ẹ fi owó tí ó kéré jù, bíi kọ́bọ̀, ṣe odidi iye, kí ẹ máa ka ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òṣùwọ̀n, tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tí ń rán ọkọ̀ lọ sí òde ayé, pàdánù ọkọ̀ Mars Climate Orbiter tí ó rán lọ sí Mars nítorí pé sọ́fítíwíà kan ń fi pound-force seconds ka agbára ẹ́ńjìnnì, èyí tí ó ń gba iye náà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń retí newton-seconds. Àwọn tí ó kọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Àdéhùn àárín apá méjì ni wọn kò rí i pé a pa mọ́. Nínú iṣẹ́ kékeré, ìbéèrè kan náà ni “ọjọ́ mélòó?”: ṣé ọjọ́ 14 túmọ̀ sí wákàtí 336, àbí ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹrìnlá? Ẹ kọ èyí tí ẹ yàn sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tí a kò kọ sílẹ̀ ni ó burú jù nínú gbogbo wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 tí ó bú gbàmù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, kí ìṣẹ́jú-àáyá 40 tó pé lẹ́yìn tí ó gbéra, ń lo kóòdù tí ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Ariane 4 tí ó ṣáájú rẹ̀. Nínú kóòdù náà ni wọ́n ti ń yí iye tí ó gba bíìtì (ìwọ̀n àyè nínú kọ̀ǹpútà) 64 padà sí odidi iye tí kò ju bíìtì 16 lọ. Lórí Ariane 4, iye náà kì í tóbi jù. Ariane 5 yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye náà kò sì gbà mọ́. Kóòdù náà gba ohun kan gbọ́ nípa ayé, ayé sì ti yí padà. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń ní apá kan nínú bébà mi tí mo ń pè ní “ohun tí mo gbà pé òótọ́ ni”. Ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, n ó sì kà á sétí ẹni tí yóò lo sọ́fítíwíà náà. Ìgbà púpọ̀ ni ẹni náà ti dá mi dúró ní ìlà kejì.

*

UML ńkọ́?

Ẹnì kan bínú pé mo fojú di àwòrán. N kò fojú di í. Ohun tí mo takò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ya class, ìyẹn àpẹrẹ tí a fi ń dá ohun kan nínú kóòdù, tí kò tíì sí, nígbà tí kò mọ ohun tí class náà yóò ṣe. UML di ìlànà OMG, ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe ìlànà fún sọ́fítíwíà, ní 1997, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ènìyàn púpọ̀ ti ń jọ ṣiṣẹ́ sì rí i lò dáadáa. Fún ẹnì kan ṣoṣo, ohun tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà méjì, Kent Beck àti Ward Cunningham, gbé jáde ní 1989 yá mi lára jù: ẹ mú káàdì kékeré kan fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn tí yóò bá ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ wá tò wọ́n sórí tábìlì, kí ẹ fi wọ́n ṣe eré ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹnì kan wọlé, ó fẹ́ yá ìwé, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó kù ni ẹlòmíràn ti ní kí wọ́n fi pamọ́ fún òun. Ta ni ó mọ̀? Ta ni yóò sọ pé kò ṣeé ṣe? Bí káàdì kankan kò bá lè dáhùn, ẹ ti rí ihò kan kí ó tó di kóòdù.

Ó dára bẹ́ẹ̀ pé káàdì kéré. Bí iṣẹ́ ohun kan kò bá gbà sójú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ti di ẹrù méjì lé ẹnì kan lórí.

*

Sí ẹni tí ó ní kí a kọ ìdánwò ṣáájú

Mo gbà pẹ̀lú yín dé ìwọ̀n kan. N kì í kọ gbogbo ìdánwò ṣáájú, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ àpẹẹrẹ méje tàbí mẹ́jọ ní èdè lásán, kí n tó kọ kóòdù. “Ẹni tí ó ní ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ béèrè ìkẹrin: kọ̀ ọ́.” “Ó dá ìwé padà ní ọjọ́ tí ó yá a: gbà á, kò sí ìtanràn.” “Ọjọ́ ìdápadà bọ́ sí ọjọ́ tí a kò ṣí ilẹ̀kùn.” Ẹ wo èyí tí ó kẹ́yìn: n kò lè parí gbólóhùn náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kan, ìbéèrè yẹn ni èrè tí mo ń wá. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni pé ìdánwò kò lè sọ fún ni pé àtẹ mẹ́rin ni ó yẹ dípò mẹ́ta. Gbogbo ìdánwò mi ni ó ń kọjá ní ọjọ́ tí àkàbà ṣẹ́.

Ẹlòmíràn tún sọ pé kò sídìí fún gbogbo èyí mọ́ níwọ̀n ìgbà tí AI ti lè kọ kóòdù náà fún wa. Ìrírí mi kò bá ìyẹn mu. Bí mo bá fi àyè kan sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kò ní béèrè, yóò fi àbá tirẹ̀ dí àyè náà, kóòdù náà yóò sì mọ́ tónítóní débi pé n kò ní tètè rí i pé ìpinnu kan ti wọlé tí n kò ṣe. Ìgbà tí kíkọ bá yára ni àlàkalẹ̀ ṣe pàtàkì jù.

*

Ọ̀rọ̀ àkókò, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti béèrè

“Ọjọ́ mélòó ni kí n fi gbèrò?” Fred Brooks, tí ó darí iṣẹ́ OS/360, sọ́fítíwíà ńlá tí ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé iṣẹ́ IBM, sọ nínú ìwé kan ní 1975 pé òun máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò sí ìgbèrò, ìdá kan nínú mẹ́fà sí kíkọ kóòdù, ìdajì tí ó kù sí ìdánwò. Iṣẹ́ ńláńlá ni ó ń sọ, nítorí náà n kò ní kí ẹ gba iye náà bí òfin. Ohun tí ó yẹ kí ó yà yín lẹ́nu ni bí ìpín kóòdù ṣe kéré tó. Fún iṣẹ́ tí yóò gba oṣù kan, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo máa ń lò, n ó sì dúró bí mo bá rí i pé ìbéèrè tí ó kù lórí bébà jẹ́ èyí tí bébà kò lè dáhùn.

Irú ìbéèrè yẹn wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ń sọ pé “ṣáà bẹ̀rẹ̀” ti jàre. Ṣé kámẹ́rà fóònù yóò lè ka àmì tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé? Kò sí àwòrán tí yóò sọ ìyẹn. Ẹ ṣí fóódà mìíràn, ẹ kọ ìlà ogójì tí kò lẹ́wà, ẹ rí ìdáhùn, ẹ kọ ìdáhùn náà sórí bébà, kí ẹ sì pa fóódà náà rẹ́ ní ọjọ́ kejì. Pípa á rẹ́ ni ó ṣòro. Lẹ́ẹ̀kan, mo fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó “ti ń ṣiṣẹ́”, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo ṣì ń tún un ṣe ní òru. Brooks náà ti kọ́kọ́ ní kí a gbèrò láti ju àkọ́ṣe nù. Nígbà tí ó tún ìwé náà tẹ̀ ní 1995, ó ní ìmọ̀ràn yẹn ti rọrùn jù, ó sì fara mọ́ kí a máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Èmi ń ju ìlà kékeré tí mo fi dán nǹkan wò nù, ṣùgbọ́n n kì í ju odidi iṣẹ́ nù mọ́.

*

Ìdáhùn sí àlàkalẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́

Mo ti ka ojú-ìwé kan tí ẹ kọ, inú mi sì dùn gidigidi sí i. Àtẹ mẹ́rin náà pé. Àpẹẹrẹ méje tí ẹ kọ yé mi láìbéèrè, èyí tí ẹ kọ nípa ẹni tí ó fẹ́ fa ọjọ́ ìdápadà sí iwájú sì dára ju tèmi lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ padà sí. Ẹ kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí ó sọnù. Bí ẹ bá pa ìlà rẹ̀ rẹ́, gbogbo yíyá tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ yóò di aláìníbaba; ẹ fún ẹ̀dà ní ipò kan, “wà”, “sọnù” tàbí “bàjẹ́”, kí ẹ má sì pa nǹkan kan rẹ́. Èkejì, ẹ kò kọ ohun tí sọ́fítíwíà náà kò ní ṣe. Mo rí i pé ẹ ti ń ronú nípa ìfiránṣẹ́ ímeèlì àti ìròyìn oṣooṣù. Ẹ kọ wọ́n sí abẹ́ “kì í ṣe nísinsìnyí”, kí wọ́n má baà máa pè yín láti òde. Ẹ̀kẹta, ẹ ti ya ojú-ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ṣáájú ohun gbogbo. Ó lè dúró.

SQLite, ìyẹn sọ́fítíwíà tí a fi ń tọ́jú àtẹ, ti ń bá Python wá láti ẹ̀yà 2.5, nítorí náà ẹ kò nílò láti fi ohun kankan kún un. Ẹ ṣáà rántí pé, bí ó ṣe sábà máa ń wá, kì í fipá mú àjọṣe àárín àtẹ àfi bí ẹ bá tẹ `PRAGMA foreign_keys = ON` nígbàkigbà tí ẹ bá so mọ́ ọn; bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, yóò gba yíyá tí kò ní ẹ̀dà láìsọ nǹkan kan. Ẹ kọ yíyá àti dídápadà nìkan, láìsí ojú-ìwé kankan, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ méje yín dán an wò láti inú fáìlì lásán. Nígbà tí méjèèje bá kọjá, ẹ padà wá fi han wá. Ó wù mí láti rí bí ẹ ó ṣe yanjú ti ìwé tí ó sọnù tí a sì wá rí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.